Ìgò aláwọ̀ orí tábìlì: ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Láti Kàbà:
Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Àbúrò mi ń ṣe ìyàwó nínú oṣù Kejìlá, owó tí àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ bèèrè fún orí tábìlì nìkan lè ra ewúrẹ́. Mo ní kí lẹ fẹ́ gbé síbẹ̀ gan-an? Wọ́n ní ìgò aláwọ̀. Ìgò kẹ̀! Mo bá ń ṣa ìgò kọfí àti ti jáàmù kiri ilé ọ̀rẹ́ títí mo fi rí 24.

Mo rẹ wọ́n sínú omi ọṣẹ kí bébà ara wọn ṣí, mo fi òwú àti sípírìtì nu inú wọn, torí ibi tí ọ̀rá bá wà, àwọ̀ kì í mú un. Mo po gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò mọ́ àwọ̀ tí wọ́n ń fi sí kéèkì, pẹ̀lú omi ṣíbí kan péré (èyí tí mo kọ́kọ́ bu omi sí jù ṣe ilà-ilà bí ojú ẹni tó sunkún). Á funfun bíi mílíìkì, ẹ má bẹ̀rù, bó bá gbẹ á mọ́ gaara. Mo dà á sínú ìgò, mo yí i títí ó fi kan ibi gbogbo, mo dojú rẹ̀ dé kí àṣẹ́kù ro dànù. Ọyẹ́ ń jà, ọjọ́ kejì ó ti gbẹ. Nígbà tí oòrùn kan ìgò búlúù yẹn lójú fèrèsé, ìyá mi fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó.

Ọjọ́ ìyàwó pé. Ọmọ tó kó òdòdó dé bu omi sínú gbogbo ìgò. Èmi ni mi ò kìlọ̀ fún un. Kí wọ́n tó gé kéèkì, àwọ̀ ti yọ́ tán. Ìgò kan dà sórí aṣọ tábìlì funfun. Àǹtí wa kan ní ṣé búlùú ìfọṣọ la wá pò níbẹ̀ ni.

Láti Ìsánlú:
Ẹ pẹ̀lẹ́. Tèmi fọ́ ni. Ìgbà òjò ni, ọjọ́ mẹ́rin, ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Mo tì í sínú ófùn tó ti gbóná, ó gbẹ lóòótọ́, mo gbé e sórí símẹ́ńtì tútù. Pàá! Báyìí, inú ófùn tútù ni mo ń tò ó sí kí n tó tanná, iná tó kéré jù. Bí mo bá pa á, inú rẹ̀ náà ló ti máa tutù.

Láti Bùnú:
Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ṣọ́ pupa o. Lọ́dọ̀ tiwa, aṣọ pupa la fi ń yẹ́ òkú olóyè sí. Ọmọ mi to ìgò pupa sílẹ̀ fún ìdána rẹ̀, ìyá mi wọlé, ó ní, "Ta ló kú?" Yẹ́lò ni wọ́n padà lò.

Láti Kàbà:
Háà, bàbá, ẹ ṣeun. Pupa gan-an ni mo fẹ́ fi tún èyí tó ṣẹ́kù kùn. Ó di àwọ̀ ewé nìyẹn. Ife kékeré ni mo máa kì bọ inú ìgò báyìí, inú ife lomi òdòdó á wà.