MG TA ọdún 1937, igi bọ́dì rẹ̀ ti jẹrà, ẹ́ńjìnnì ti dì: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè (Peckham, London)

Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́ yìí, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ra ọkọ̀ àtijọ́ MG TA kan lọ́wọ́ ìdílé bàbá àgbàlagbà kan tó ti di olóògbé ní Kent. Ọkọ̀ eré oníjókòó méjì ni, ọdún 1937, tí tánkì epo rẹ̀ wà lẹ́yìn gbangba, tí táyà àpààrọ̀ sì so mọ́ ọn. Inú abà ló ti wà láti ìgbà pípẹ́. Ó ti pẹ́ tí irú ọkọ̀ yìí ti wù mí, ọkàn mi sì wà nínú rẹ̀ gan-an.

Bó ṣe wà rèé. Ṣáàsì rẹ̀ le, ìpata ojú rẹ̀ kò jinlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti dì, mo fi irin ìyíná iwájú yí i, kò mira. Igi abẹ́ ilẹ̀kùn lápá òsì ti bàjẹ́ débi pé sukudíráfà wọ inú rẹ̀ bí ẹni ki ọwọ́ bọ àmàlà. Bí mo bá ṣí ilẹ̀kùn yẹn, ńṣe ló ń wọlẹ̀. Radiétọ̀, iná iwájú àti ẹsẹ̀ onísípókù rẹ̀ pé.

Ẹnìkan ní kí n ju ẹ́ńjìnnì yẹn nù, kí n fi XPAG, ẹ́ńjìnnì MG tó dé lẹ́yìn rẹ̀, sí i. Ẹlòmíì ní kí n ra bọ́dì tuntun odindi, kí n fi igi àtijọ́ dáná. Ọ̀rọ̀ náà kò wọ̀ mí létí. Ohun tó jáde láti Abingdon, níbi tí MG ti ṣe é, ni mo fẹ́ tọ́jú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ máa wà á o, kí n máa gbé ìyàwó mi lọ sóde bí òòrùn bá ràn. N ò rà á láti fi aṣọ bò ó. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Ṣé ó yẹ kí n tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà?

Ìyá Ìbejì, Croydon

Arákùnrin mi, ẹ kú oríire. Kí ẹ tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì kankan, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ ìwé. Nọ́ńbà ṣáàsì TA bẹ̀rẹ̀ láti 0251, nítorí pé 251 ni nọ́ńbà tẹlifóònù ilé iṣẹ́ wọn ní Abingdon. Ẹ fọ ojú irin ṣáàsì níwájú, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i, kí ẹ fi wé èyí tó wà nínú V5C, ìyẹn ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀. Bí wọn kò bá bá ara wọn mu, ẹ dúró níbẹ̀ ná.

Bí V5C kò bá sí rárá, ẹ má fòyà. Ọkọ̀ tí wọ́n ti gbé sínú abà kí ó tó di 1983, ó ṣeé ṣe kí nọ́ńbà rẹ̀ má sí lórí kọ̀ǹpútà DVLA, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù V765 ni wọ́n fi ń gba nọ́ńbà àtijọ́ padà, ẹgbẹ́ àwọn onírú ọkọ̀ náà ló sì máa ń jẹ́rìí sí i. MG Car Club, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930, ní ẹ̀ka kan tó ń jẹ́ T Register fún irú tiyín gan-an. Gbogbo bébà tí ẹ bá bá nínú ọkọ̀, ẹ kó o pamọ́, títí kan rìsíìtì epo.

Nígbà tó bá sì wọ ìsọ̀rí historic, ti ọkọ̀ àtijọ́, ẹ ò ní san owó róòdù, ULEZ, owó èéfín ọkọ̀ ní London, ò sì ní kàn yín.

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, Coventry

Àbúrò, kú oríire. Má ju ẹ́ńjìnnì yẹn nù o.

MPJG ni wọ́n ń pè é, 1292 cc. Ihò rẹ̀ jẹ́ 63.5 mm péré, ṣùgbọ́n písítọ̀nù rẹ̀ ń rin 102 mm. Ìrìn gígùn yẹn ló jẹ́ kó lágbára láti ìsàlẹ̀, kò dìgbà tí o bá tẹ̀ ẹ́ kó tó fà. Ohun tó ń lé àwọn èèyàn sá ni bíárìn rẹ̀, ibi tí kíráǹkì (irin tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) gbé ara lé. Kì í ṣe bíárìn pelebe tí èèyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù kó sì tẹ̀ ẹ́ wọlé. Irin funfun rírọ̀ tí wọ́n ń pè ní white metal ni. Wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á dà á sójú ibẹ̀, wọ́n á wá gé e títí á fi bá ìwọ̀n kíráǹkì mu. Iṣẹ́ àgbà ni, ó sì lówó lórí. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà níbí.

Pé ó dì kò ní kó ti kú. Yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Po epo ATF (epo gíà aládàáṣe) àti acetone (irú èyí tí wọ́n fi ń yọ ọ̀dà èékánná) pọ̀ ní ìdajì-ìdajì, da díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, jìnnà sí iná, kí o sì fi í sílẹ̀ kó rin fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, yí i jẹ́jẹ́, síwá sẹ́yìn. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ̀ míì wọ́ ọ pé yóò yí. Òrùka písítọ̀nù á kán, á sì họ ihò.

Ohun kan tó máa ń yà àwọn ọmọ iṣẹ́ lẹ́nu: orí nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnnì yẹn gba sípánà Whitworth, ìwọ̀n àtijọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n tíréèdì rẹ̀ jẹ́ ti mílímítà. Ilé iṣẹ́ Hotchkiss ará Faransé ló ń ṣe ẹ́ńjìnnì fún Morris, tí MG ti jáde wá, ní Coventry níbí kí Morris tó rà á ní 1923, ìwọ̀n ẹ̀rọ wọn ló sì wà nínú iṣẹ́ náà títí. Bóòtù tí o bá yọ, dá a padà sínú ihò tí o ti yọ ọ́. Bí o bá fagídí ki òmíì bọ̀ ọ́, bulọ́ọ̀kù lo bà jẹ́ yẹn.

Ọmọ Ìbàdàn, Birmingham

Ẹ̀gbọ́n Coventry, ẹ má bínú, n ò fara mọ́ eléyìí. MG fúnra wọn ló fi XPAG 1250 cc rọ́pò MPJG nígbà tí TB, ọkọ̀ tó tẹ̀lé TA, jáde ní 1939. Bíárìn pelebe ló ní, TC àti TD tó tẹ̀lé e sì lò ó lẹ́yìn ogun, torí náà ẹ̀yà rẹ̀ kò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n tó béèrè ní àwọn fẹ́ máa wà á. Ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó ẹ̀ lọ sóde, ó yẹ kó fọkàn balẹ̀ ní mọ́tówè.

Ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì, Coventry

Ọmọ mi, òótọ́ lo sọ nípa bíárìn. Ṣùgbọ́n XPAG kì í dá wá. Kílọ́ọ̀ṣì TA, kọ́ọ̀kì (irú èyí tí wọ́n fi ń dé ìgò) ni, inú ọ́ìlì ló ti ń ṣiṣẹ́. Ti XPAG gbígbẹ ni, gíà bọ́ọ̀sì rẹ̀ náà yàtọ̀. Iṣẹ́ á bí iṣẹ́. TA tí wọ́n ṣe láàárín 1936 sí 1939 jẹ́ bíi 3,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì ní MPJG tiwọn nínú mọ́. Èyí tó ṣì ní tiẹ̀, kí a jẹ́ kó ní in. Bí àbúrò bá wá pààrọ̀ rẹ̀ náà, kó gbé ti àtijọ́ pamọ́, kó má tà á, kó sì fi nọ́ńbà tuntun tó DVLA létí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Leeds

Ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ ti igi, torí òun ló ká mi lára. Ẹ má ra bọ́dì tuntun. Igi yẹn ló gbé bọ́dì ró. Páànù irin tí ẹ ń rí lóde, ìṣó ni wọ́n fi kàn án mọ́ ọn. Ẹ mú sukudíráfà tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ gún igi náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbi tó bá ti wọlé. Abẹ́ ilẹ̀kùn àti ẹsẹ̀ òpó ilẹ̀kùn ló máa ń pọ̀ sí, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà sí. Igi òkè sábà máa ń le síbẹ̀.

Kí ẹ tó tú bóòtù bọ́dì ẹyọ kan, ẹ fi jáàkì gbé ibi tó wọlẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀kùn á fi bá ẹnu rẹ̀ mu. Ẹ wá ti inú fi irin dábùú ẹnu ilẹ̀kùn, láti òpó iwájú dé òpó ẹ̀yìn, lápá méjèèjì. Bọ́dì tí wọ́n gbé kúrò lórí ṣáàsì láìdábùú máa ń wọ́, wàhálà tó sì ń tẹ̀lé e kò kéré.

Ibi tó jẹrà, ẹ gé e kúrò ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Bí igi bá nípọn íńṣì kan, kí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà gùn tó íńṣì mẹ́jọ. Ẹ gé igi ash tuntun, irú igi òyìnbó tí wọ́n fi ṣe ti àtijọ́, bá a, kí ìlà rẹ̀ tẹ̀lé ìlà ti àtijọ́, kí ẹ fi epoxy lẹ̀ ẹ́. Gbogbo ègé jíjẹrà tí ẹ bá yọ, ẹ kó o sínú páálí, ẹ kọ orúkọ sí i lára. Òun ni àwòrán tí ẹ máa fi gé tuntun.

Olùbéèrè

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ìrókò dáadáa kan wà lọ́wọ́ mi, ó ti gbẹ. Ṣé n ò lè lò ó dípò ash?

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Leeds

Ìrókò ni mo fi kọ́ṣẹ́ l'Ábẹ́òkúta, mi ò ní bú u láéláé. Kì í tètè jẹrà bí ash. Ṣùgbọ́n ṣáàsì TA máa ń yí lójú ọ̀nà, bọ́dì sì ń bá a yí. Ash ló lè gba gbígbọ̀n yẹn láìkán; òun ni wọ́n fi ń ṣe èèkù àáké níhìn-ín. Morgan, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní Malvern, ṣì ń fi ash ṣe egungun bọ́dì títí di òní. Ẹ fi ìrókò yẹn ṣe tábìlì iṣẹ́.

Bọ̀dá Kúnlé, Manchester

Bírékì o! Bírékì Lockheed, tí epo bírékì inú páìpù ń tì, ló wà lára TA. Rọ́bà páìpù rẹ̀ lè dára lójú, kó ti wú pa inú. Ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Ẹ má fi ẹnu tàbí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù: asbestos wà nínú bírékì ìgbà yẹn, ó ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fi omi rin ín, ẹ wọ ìbòmú tó péye.

Ẹsẹ̀ onísípókù náà, ẹ gbé e nílẹ̀, kí ẹ fi sípánà kékeré lu sípókù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó le á dún gbandan. Èyí tó bá dún bíi pákó ti tú. Epo tí ẹ máa rà, E5 ni, èyí tí ethanol (ọtí) inú rẹ̀ kéré. E10, tí ethanol rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́.

Olùbéèrè

Ọlọ́run á san yín lóore. Nọ́ńbà ṣáàsì ni màá kọ́kọ́ wá, lẹ́yìn náà màá da epo sínú ihò ẹ́ńjìnnì, kó máa rin bí mo ṣe ń gún igi. N ò ní tú u palẹ̀ ná. Ẹ̀gbọ́n Leeds, irú irin wo ni kí n fi dábùú ẹnu ilẹ̀kùn?

Gbẹ́nàgbẹ́nà, Leeds

Angle iron (irin tó tẹ̀ bíi L) íńṣì kan ti tó. Ihò sukúrúù àtijọ́ máa wà lára òpó náà, òun ni kí ẹ lò, ẹ má lu tuntun sínú igi tó ṣì dára. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó tú bóòtù.