Ẹ jọ̀wọ́, ta ló lè bá mi tú ọ̀rọ̀ igbó mímu láàárín àwọn ọ̀dọ́langba Amẹ́ríkà yìí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àṣekágbá mi ni mò ń kọ lórí àwọn ọmọ iléèwé girama tó ń mu igbó ní Amẹ́ríkà. Ohun tí mo ti ń gbọ́ tipẹ́ ni pé ọkùnrin ló ń mu ún ju obìnrin lọ. Àmọ́ nínú ìwádìí tí CDC, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, ṣe lọ́dún 2021, nínú 100 ọmọbìnrin, nǹkan bíi 18 ló mu igbó láàárín oṣù kan. Ti àwọn ọkùnrin jẹ́ nǹkan bíi 14. Kí ló fà á?

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yà gan-an ló ká mi lára jù. Nínú ìwádìí náà, àwọn ọmọ Éṣíà ni iye àwọn tó ń mu igbó láàárín wọn kéré jù, ṣùgbọ́n ojú kan náà ni wọ́n kó ọmọ Ṣáínà, ọmọ Íńdíà àti ọmọ Vietnam sí. Inú kíláàsì sì ni wọ́n ti ń dáhùn ìbéèrè náà, torí náà ẹni tó ti fi iléèwé sílẹ̀ kò sí níbẹ̀ rárá. Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹ̀yà kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìṣirò ìwádìí, báwo ni mo ṣe lè wo ẹ̀yà pẹ̀lú ọkùnrin àti obìnrin pa pọ̀, nígbà tí iye àwọn ọmọbìnrin ẹ̀yà míì nínú ìwádìí náà kò pọ̀?