Kọ́ọ̀sì omi abẹ́ ilẹ̀ tí Bàbá ń kọ́: kí n gbà á, àbí kí n sá?

Ọmọ Ọ̀dà Road:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wà ní ọdún kẹta ní ẹ̀ka jiọ́lọ́jì níbí l'Ákùúrẹ́, a sì ti fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì sáà tó ń bọ̀. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe dandan, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń fi iná mànàmáná wá omi lábẹ́ ilẹ̀. Ọwọ́ Pùrọ́fẹ́sọ̀ àgbà yẹn ló wà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ wọ́n ti mọ ẹni tí mò ń sọ: bàbá tó máa ń wọ bàtà kànfáàsì wá sí kíláàsì, tí kì í lo máíìkì.

Ohun tí mò ń gbọ́ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì ò bára mu rárá. Ẹnìkan ní F ni wọ́n fi ń ṣeré. Ẹlòmíràn ní kò sẹ́ni tó kọ́ òun ní nǹkan tó tó tiwọn. CGPA mi jẹ́ 4.30 lórí yunìtì 90, ojú mi sì wà lára 4.50. Ṣùgbọ́n kànga ilé wa máa ń gbẹ tó bá ti di oṣù kejì ọdún, bàbá mi sì ti sanwó bòhóòlù kan tí kò mú nǹkan kan jáde ju eruku lọ. Ó wù mí kí n mọ ohun tó fà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gba kọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ni kó dá mi lóhùn.

Má_wọ̀ọ́:
Àbúrò, sá. Lọ́dún tó kọjá ni mo gbà á, D ni mo jẹ. Bàbá ò ta hándáàtì, wọn ò sì ń pààrọ̀ ìbéèrè fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ lẹ́tà wínníwínní sí bọ́ọ̀dù, wọ́n á ti nù ún kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn tó kọ ọ́ dé ìdajì. Aago mẹ́jọ àárọ̀ Monday ni kíláàsì, tó bá ti lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n ti ti ilẹ̀kùn. Èmi tí mò ń ti Ọ̀bà-Ilé bọ̀ ńkọ́? Èyí tó wá dùn mí jù ni pé kọ̀ǹpútà lè túmọ̀ nọ́ńbà tí a wọ̀n lóko kí ojú tó ṣẹ́, síbẹ̀ bébà gíráàfù àti pẹ́ńsù ni wọ́n ní ká máa fi ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká:
Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yẹn, òótọ́ ni. Ti bọ́ọ̀dù náà, òótọ́ ni, mi ò ní gbèjà ẹnikẹ́ni. Bébà gíráàfù yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ gan-an ni kọ́ọ̀sì náà wà.

Sáà tí ìdaṣẹ́sílẹ̀ ASUU gé sí méjì ní 2022 ni mo gbà á. February ni wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀, ó di October kí wọ́n tó wọlé padà. Àwọn olùkọ́ yòókù ń sáré parí tiwọn, Bàbá nìkan ló padà sórí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ bíi pé a ò pàdé rí. Inú bí wa gidi.

Àbúrò, bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyí. O ó gbá ọ̀pá irin mẹ́rin wọlẹ̀ lórí ìlà kan. Àwọn méjì ẹ̀yìn òde ló ń gbé iná wọ ilẹ̀, àwọn méjì àárín ló ń wọn fóòtéèjì. Bí o bá ṣe ń sún ti òde jìnnà síra tó ni iná ń jìn wọlẹ̀ tó. Conrad Schlumberger, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti ń dán irú rẹ̀ wò láti 1912. Ilẹ̀ tó rin máa ń jẹ́ kí iná kọjá, àpáta líle tí kò sán kì í jẹ́. Nọ́ńbà tí ẹ̀rọ bá gbé jáde, tó ń ga níbi tí iná ò bá ti ráyè kọjá, lo máa fi ya ìlà, ìlà yẹn lo máa kà.

Orí àpáta àtijọ́ ni gbogbo wa kọ́lé sí l'Ákùúrẹ́: gíránáìtì, gneiss, àti charnockite dúdú tó fara jọ àwọ̀ ewé díẹ̀. Omi ò sí nínú wọn àfi níbi tí wọ́n bá ti sán, tàbí nínú ilẹ̀ jíjẹrà tó bò wọ́n lórí. Nítorí náà, tí ìlà bá bẹ̀rẹ̀ lókè, tó wálẹ̀ láàárín, tó tún gòkè, gbogbo kíláàsì á pariwo: omi nìyẹn! Bàbá á dákẹ́, wọ́n á jẹ́ ká pariwo tán. Wọ́n á wá béèrè pé, amọ̀ ńkọ́? Amọ̀ náà ń jẹ́ kí iná kọjá. Ó lè rin gbingbin kó má fi ẹ̀kán omi kan sílẹ̀, ó dì í mú bí ahun ṣe ń di owó mú. Ẹni tó bá gbẹ́ bòhóòlù síbẹ̀, amọ̀ ló rà. Tìrẹ tí eruku ń jáde níbẹ̀ jọ ìdàkejì rẹ̀, àpáta tí kò sán lẹ́nu ẹ̀rọ bà.

Ohun tí Má_wọ̀ọ́ ò fẹ́ gbọ́ rèé. Jẹ́ ká ní ìpele kan nípọn tó mítà 5, tó jẹ́ 50 ohm-metre (òṣùwọ̀n bí ilẹ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó), láàárín ilẹ̀ gbígbẹ lókè àti àpáta nísàlẹ̀. Fi ìpele mítà 10 tó jẹ́ 100 ohm-metre rọ́pò rẹ̀. Ìlà méjèèjì lè jọra débi tí ojú ò ní yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ sún mọ́ amọ̀, ìkejì ṣì ní ìrètí. Kọ̀ǹpútà á mú ọ̀kan, á sọ fún ọ pé àṣìṣe òun kò ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìwọ á sì máa yọ̀. Ẹni tó ti ya ìlà náà sórí bébà tó ń hàn gba inú, tó gbé e lé àwọn ìlà àwòṣe inú ìwé lórí, tó ń sún un síwá sẹ́yìn, á ti fojú ara rẹ̀ rí i pé ibi tó lè jókòó sí ju ẹyọ kan lọ.

Ìdí tí àwọn ọlọ́pọlọ fi ń gba C lọ́wọ́ wọn nìyẹn. Nínú ìjábọ̀ iṣẹ́ oko, ìbéèrè kan wà ní ìparí: kí ló lè sọ ohun tí o kọ yìí di irọ́? Máàkì ibẹ̀ ló pọ̀ jù. Ọmọkùnrin kan nínú wa tó mọ ìṣirò bí ẹni máa kú kọ "kò sí" síbẹ̀. Bàbá fi báírò pupa yí i ká, wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: "Ṣé ìwọ lo máa sanwó ẹ̀rọ?" Wọn ò kórìíra ọmọ tí kò mọ̀. Ẹni tó dá ara rẹ̀ lójú láìní ẹ̀rí ni wọn ò lè fara dà.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni wọ́n kó wa lọ sí ẹ̀bá odò Àlà. Ilẹ̀ gbẹ débi pé a ń da omi iyọ̀ sídìí ọ̀pá irin kí iná tó ráyè wọlé. Bàbá fúnra wọn ń gbá òòlù, ọ̀dọ́ ń wò wọ́n! Kí a tó na wáyà rárá, wọ́n ní ká lọ bi àwọn ará àdúgbò: kànga yín jìn tó báwo, oṣù wo ló ń gbẹ? Ìyá kan tó ń ṣe fùfú níbẹ̀ ka gbogbo kànga àdúgbò lẹ́sẹẹsẹ fún wa, èyí tí kì í gbẹ, èyí tó ń gbẹ kí Kérésì tó dé, torí iṣẹ́ rẹ̀ ò lè lọ láìsí omi. Bàbá ní ká kọ ọ̀rọ̀ ìyá náà sínú ìjábọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, lábẹ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ. Mi ò tíì rí olùkọ́ mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn: wọn kì í tètè dá ìwé padà. A ti fi ìjábọ̀ kejì sílẹ̀ kí àkọ́kọ́ tó dé, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ tún tirẹ̀ ṣe? Mo sọ ọ́ fún wọn lójú ara wọn. Wọ́n ní "O sọ òtítọ́." Wọn ò sì yí padà.

Ní ti CGPA, yunìtì méjì péré ni. Tí o bá gba C, o ó bọ́ sí 4.27. Tí o bá gba A, 4.32. Kò lè pa ọ́, kò sì lè gbé ọ dé 4.50. B ni èmi gbà.

Dírílà:
Èmi ò lọ yunifásítì o, ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ bòhóòlù ni mò ń tẹ̀ lé kiri, láti Oǹdó dé Ọ̀wọ̀. Tí oníbàárà bá ti na ìwé sáfè omi sí mi, èyí tó ń sọ ibi tó yẹ ká gbẹ́, mo máa ń mọ èyí tó jẹ́ ti ọmọ bàbá yìí. Ibi méjì ni wọ́n máa ń fi hàn, àkọ́kọ́ àti ìrọ́pò, wọ́n á kọ ibi tó yẹ kí n dúró tí n ò bá tíì rí àpáta tó sán. Ti àwọn yòókù, ibì kan ṣoṣo, "omi wà." Ó parí!

Ṣùgbọ́n kí n sọ tòótọ́, oníbàárà ò fẹ́ràn ìwé wọn. Ẹni tó ta ilẹ̀ kó tó rówó bòhóòlù, "bóyá" kọ́ ló wá gbọ́ lẹ́nu yín. Ẹni tó bá sọ pé "omi wà" ló ń ríṣẹ́ gbà. Ẹ bá mi bi Bàbá, kí ni kí ọmọ wọn jẹ?

Má_wọ̀ọ́:
Gbogbo ẹ̀kọ́ yìí dára. Ilẹ̀kùn yẹn ṣì ń tì o.

Ọmọ Ọ̀dà Road:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Màá gbà á. 4.27 ò lè lé mi jáde nílé. Irú bébà gíráàfù wo ni kí n rà? Mo béèrè l'Ọ́jà Ọba, èyí tí a lò ní sẹ́kọ́ńdírì ni wọ́n kó fún mi.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká:
Ìyẹn kọ́. Log-log ni o fẹ́, èyí tí ìlà rẹ̀ ń fún pọ̀ lápá méjèèjì. Wọ́n á fẹ́ ta semi-log fún ọ, èyí tí tirẹ̀ ń fún pọ̀ lápá kan péré, wọ́n á ní ọ̀kan náà ni, má gbà. Ra ẹyọ kan tó dáa kí o máa ṣe fótókọ́pì rẹ̀, ṣùgbọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n tó bá jáde, torí ẹ̀rọ fótókọ́pì mìíràn máa ń sún un kéré, ìlà rẹ ò sì ní bá ti inú ìwé mu mọ́. Iwájú ni kí o sì jókòó sí.