À ń kó láti Houston lọ sí Hamburg: ṣé ọ̀kan náà ni olóṣèlú apá òsì ibẹ̀ àti tibí?

Ará Houston
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọdún kẹsàn-án mi rèé ní Texas. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí Hamburg ní Jámánì, èmi náà sì ti ń gba lẹ́tà láti ilé ìwòsàn ibẹ̀. A ní ọmọ méjì. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní ìlú àwọn sósíálíìsì ni mò ń lọ, pé ìjọba á gba ìdajì owó mi. Ọ̀rẹ́ mi ní irọ́ ni, pé ẹgbẹ́ Democrat tiwọn ló wà níbẹ̀, kò sí ìyàtọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó ti gbé ibi méjèèjì là mí lóye.

Ará Hamburg
Àǹtí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Mo gbé Maryland fún ọdún mẹ́fà kí n tó wá síbí. Àwọn méjèèjì ló ṣì í.

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ní àgbègbè kan ló ń kó gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ méjì péré ló rọ́wọ́ mú. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òṣèlú apá òsì níbẹ̀, ìyẹn ti àwọn tó fẹ́ kí ìjọba máa gbọ́ bùkátà òṣìṣẹ́ àti mẹ̀kúnnù, inú Democrat ni yóò ti jà á, nínú ìdìbò abẹ́lé. Bernie Sanders, ọ̀kan pàtàkì nínú wọn, kì í lo orúkọ ẹgbẹ́ kankan bó bá ń díje sípò Sẹ́nétọ̀ ní Vermont, síbẹ̀ abẹ́ Democrat ló ti wá tíkẹ́ẹ̀tì Ààrẹ ní 2016 àti 2020.

Níbí, bí ìbò ẹgbẹ́ bá ṣe pọ̀ tó ni àga rẹ̀ nílé aṣòfin ṣe ń pọ̀ tó. Ẹgbẹ́ tó bá ti ní ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ti wọlé. Nítorí náà àwọn ẹgbẹ́ apá òsì ibí, SPD, ẹgbẹ́ Aláwọ̀ Ewé àti Die Linke, kálukú ló dá dúró. Ní oṣù Kejì 2025, ìdá 16.4 péré ni SPD rí, àbájáde tó burú jù fún wọn látìgbà ogun, síbẹ̀ wọ́n wà nínú ìjọba lónìí pẹ̀lú CDU tí í ṣe apá ọ̀tún.

Ohun tó kàn yín jù wà nínú ìwé owó oṣù yín. Bismarck, olórí ìjọba Jámánì láyé ìgbà náà, ló bẹ̀rẹ̀ inṣọ́ránsì ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ní 1883, kì í sì í ṣe ará apá òsì rárá. Òun ló fòfin de ìpàdé àwọn sósíálíìsì ní 1878. Ẹ̀rù wọn ló ń bà á, ló fi fún òṣìṣẹ́ ní díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń jà fún. Ó ti di ti gbogbo ìlú báyìí, apá ọ̀tún kò jẹ́ dábàá pé kí wọ́n pa á rẹ́. Ìdá 14.6 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni, pẹ̀lú àfikún díẹ̀. Ẹ̀yin san ìlàjì, ilé iṣẹ́ san ìlàjì. Bí ẹ̀yin àti ọkọ yín bá wà nínú ti ìjọba, ọ̀fẹ́ ni ti àwọn ọmọ. Ìsinmi ọlọ́dọọdún tí a ń sanwó fún kò gbọdọ̀ dín ní 20 ọjọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Aboyún ní ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó bí àti 8 lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ ń wọlé. Òfin Amẹ́ríkà ti 1993 fún yín ní ọ̀sẹ̀ 12 láìsan kọ́bọ̀.

Ó lóhun tí ẹ ó san o. Àpọ́n tí kò bímọ lè rí i kí nǹkan bí ìdá méjì nínú márùn-ún owó rẹ̀ lọ. Ẹlẹ́bí kì í sábà tó bẹ́ẹ̀.

Ará Brooklyn
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fojú kéré tiwa. Texas kọ́ ni gbogbo Amẹ́ríkà. Dọ́là 7.25 ni owó wákàtí tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí láti 2009, òun náà ni Texas ń lò. Ní New York níbí, dọ́là 17 ni láti oṣù Kìíní 2026, ìsinmi ìkómọ tí wọ́n ń sanwó fún sì wà láti 2018. Zohran Mamdani tí a bí ní Kampala ni mẹ́yọ̀ wa. Owó ilé tí kò ní lé sí i àti bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ ló fi polongo ìbò ní 2025.

Ará Hamburg
Òótọ́ ni, mo gba ìyẹn. Àmọ́ bí Àǹtí bá kó kúrò ní Brooklyn lọ sí Houston, ẹ̀tọ́ yẹn kò ní bá wọn lọ. Bí mo bá kó láti Hamburg lọ sí Munich, gbogbo rẹ̀ á bá mi lọ.

Ará London
Ọmọ mi, Ọlọ́run á ṣọ́ yín dé ibẹ̀. Ní ti owó tó ń dùn ọ́ yẹn: bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ wọ ilé ìwé ọ̀fẹ́ tí Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ (Action Group ti Awólọ́wọ̀) dá sílẹ̀ ní 1955. Owó orí ni wọ́n fi ṣe é, inú sì bí àwọn ènìyàn débi pé ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC fìdí wọn janlẹ̀ ní West Nàìjíríà nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ 1954. Bí mo bá wo ìwé owó oṣù mi tí ara ń ta mí, bàbá mi ni mo máa ń rántí.

Ṣùgbọ́n má retí pé apá òsì Yúróòpù yóò ṣàánú àlejò. Labour, ẹgbẹ́ apá òsì Britain, ló dá NHS, ètò ìlera ìjọba, sílẹ̀ ní 1948. Labour kan náà ló ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń ti òkè òkun wá tọ́jú àgbàlagbà, ní oṣù Keje 2025, tó sì dábàá pé kí ọdún márùn-ún tí a fi ń gba ìwé ìgbélùú di mẹ́wàá. Mo mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ó sùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Mette Frederiksen, olóṣèlú apá òsì ní Denmark: ó gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́, ó le mọ́ àlejò. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ àlejò pín ẹgbẹ́ méjèèjì níyà. Níbí, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀: ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Britain pẹ̀lú físà tó yè lè dìbò, títí kan ti ilé aṣòfin, nítorí Commonwealth. Má dán irú rẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà bí o kò bá tíì di ọmọ ìlú. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni, ó lè ba ìwé ìgbélùú ẹni jẹ́.

Ará Houston
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣé èmi náà á lè dìbò ní Hamburg?

Ará Hamburg
Ó di ìgbà tí ẹ bá di ọmọ ìlú. Ọdún márùn-ún ni láti 2024, ẹ kò sì ní jọ̀wọ́ ìwé ìrìnnà tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbò kan wà tí wọn kì í béèrè ìwé ìrìnnà fún: ti Betriebsrat, ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣojú àwọn akẹgbẹ́ wọn nílé iṣẹ́. Ọdún mẹ́rin-mẹ́rin ni. Ọ̀gá kò lè yí àkókò iṣẹ́ yín padà kí wọ́n má gbọ́ sí i. Irú rẹ̀ ń bẹ nílé ìwòsàn ìjọba pẹ̀lú orúkọ mìíràn. Nílé ìwòsàn ìjọ, òfin ìjọ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, agbára òṣìṣẹ́ sì kéré díẹ̀. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè bóyá Tarifvertrag wà, ìyẹn àdéhùn tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá wọn ṣe lórí owó. Ver.di ni ẹgbẹ́ tó wà fún nọ́ọ̀sì; ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù ni ẹ ó máa dá.

Ará Houston
Méjì ni lẹ́tà tó wà lọ́wọ́ mi. Ti ìjọ ni èyí tí owó rẹ̀ pọ̀ jù. Màá kọ̀wé sí wọn lálẹ́ yìí láti béèrè Tarifvertrag yẹn kí n tó mú ọ̀kan.