Abẹ́ wo ni Camaçari wà?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ̀gbọ́n wa kọ lórí Camaçari, ìlú ilé-iṣẹ́ ńlá tó wà ní Bahia ní Brazil, tí wọ́n ní ká máa pe irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní "abẹ́-olúùlú" torí pé ó wà nínú ẹkùn Salvador, ìyẹn Salvador tó jẹ́ olú-ìlú Bahia àtàwọn ìlú tó yí i ká. Abẹ́ kẹ̀! Ẹni tó bá wà lábẹ́ ẹ, ìwọ lò ń pàṣẹ fún un. Ṣé Salvador ló ń pàṣẹ ní Camaçari ni? Camaçari ní prefeito (olórí ìlú) tiẹ̀, ó ní ìgbìmọ̀ aṣòfin tiẹ̀, owó orí ilé tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, àpò tiẹ̀ ló ń wọ̀. Ìwé òfin Brazil ti 1988 gan-an ka irú ìlú bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè yẹn, bó ṣe ka ìpínlẹ̀.

Ẹnìkan ti fèsì pé ní 1973 tí ìjọba àpapọ̀ fi òfin dá ẹkùn náà sílẹ̀, orúkọ Salvador ni wọ́n fi pè é, torí náà Salvador lọ̀gá. Rárá o! Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ ná: ilé ìfọpo Mataripe wà ní São Francisco do Conde, ìlú míì nínú ẹkùn náà, ohun tí wọ́n fọ̀ níbẹ̀ ń gba inú páìpù lọ sáwọn ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Camaçari tí wọ́n ṣí ní 1978, èbúté Aratu wà ní Candeias, tóun náà jẹ́ ìlú nínú ẹkùn náà, omi odò Joanes tó gba ilẹ̀ Camaçari kọjá sì wà lára ohun tí Salvador ń mu. Ta ló wá wà lábẹ́ ta? Ṣe ni wọ́n gbára jọ. Dias d'Ávila tó jẹ́ ara Camaçari tẹ́lẹ̀ ti yọ ara ẹ̀ láti 1985, kí lẹ fẹ́ pe ìyẹn, abẹ́ abẹ́?

"Àgbájọ-ìlú" lèmi fara mọ́ dípò "abẹ́-olúùlú". Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, kò sẹ́ni tí ò mọ̀ ọ́n nínú wa, ọ̀rọ̀ ọ̀hún ti wà nílẹ̀.

Olùkọ́ tó kọ́ mi ní gírámà, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kì í gba ọ̀rọ̀ tuntun lọ́wọ́ wa àfi tá a bá kọ́kọ́ fi sínú gbólóhùn tí ìyá ọlọ́jà máa gbọ́ yé. Ẹ fi tiyín síbẹ̀: "Abẹ́-olúùlú ni mò ń gbé." Abẹ́ bíríìjì lonítọ̀hún máa rò!

Ẹni tó ní òun ti gbé Bahia rí, ẹ kúuṣẹ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́fíìmù, ìyẹn ègé tí wọ́n fi ń kọ́ ọ̀rọ̀, là ń sọ, a ò sọ̀rọ̀ físà. Àwọn ọmọ Nàgó ibẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Brazil, di ọ̀rọ̀ Yorùbá mú nílé àṣẹ wọn, níbi tí wọ́n ti ń bọ òrìṣà, láti ayé ẹrú, kò yẹ káwa tá a wà nílé máa ṣe é ṣákálá. Ẹni tó sì ń tẹ "ẹkún Salvador" látàárọ̀, ẹkùn ni, ohùn ìsàlẹ̀ ló parí ẹ̀.

Ti "ìlú aláṣejáde" tí wọ́n fẹ́ fi rọ́pò ìlú ilé-iṣẹ́, mo ṣì ń dúró de ẹni tó dá a sílẹ̀. Ibo lẹ ti rí "al-" yẹn, ọ̀rọ̀-orúkọ wo lẹ fi sí lára?