Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ara aláìsàn ọpọlọ ti yá? (fún ètò ìlera ìjọba ìbílẹ̀)

Ẹlẹ́tò Ìjẹ̀bú-Òde: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. A ń kọ ètò ìlera ọpọlọ fún ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ìwé tí wọ́n ní ká tẹ̀ lé ń sọ̀rọ̀ "recovery" lójú ewé gbogbo. Àwọn kan túmọ̀ rẹ̀ sí ìwòsàn, àwọn àgbà inú ìgbìmọ̀ sì fi òwe dáhùn: wèrè kì í sàn kó má ku èyí tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Bí kò bá wá lè tán pátá, kí la fẹ́ kọ, kí la sì máa kà?

Nọ́ọ̀sì Màkún: Ibi tí òwe yẹn parí sí gan-an lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìyókù yẹn kò ní kéèyàn má jẹun òógùn ara rẹ̀. Ní 1993, William Anthony, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ pé ohun tí "recovery" jẹ́ ni ká máa gbé ayé tó tẹ́ni lọ́rùn, tó nírètí, tó sì wúlò fún ẹlòmíì, bí àìsàn tilẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹ má kọ "ìwòsàn", torí iṣẹ́ dókítà nìyẹn. "Ìpadàbọ̀sípò" ni kẹ́ ẹ kọ. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló ni ín. Kì í ṣe nǹkan àjèjì: ní 1954 ni Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi aláìsàn àti ẹbí rẹ̀ kan wọ̀ sílé àwọn ará abúlé nítòsí Arò, ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà l'Abẹ́òkúta. Nígbà náà, àwọn aláìsàn ń gba ìtọ́jú, wọ́n sì ń bá àwọn ará abúlé ṣoko.

Ẹ má ka iye tó kúrò ní wọ́ọ̀dù. Ẹni tó kúrò lónìí lè wà nínú ẹ̀wọ̀n irin lẹ́yìnkùlé kóṣù tó parí, ìwé yín á ṣì kà á mọ́ àwọn tó yege. Ẹ bi í nígbà tó bá pé oṣù mẹ́ta àti oṣù mẹ́fà tó ti kúrò: Ta ló ń mú owó yín lọ́wọ́? Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe? Ṣé wọ́n ń pè yín sípàdé ẹbí? Ìgbà tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ ọjọ́ orí) yín yan aṣọ, ṣé wọ́n sọ fún yín? Nígbà tí wọ́n yí oògùn yín padà, ta ló bá yín sọ ọ́? Òun ni kẹ́ ẹ bi. Bí ẹbí bá ń dáhùn fún un, ẹ kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ẹ sì jọ̀ọ́, "ẹ" ni kẹ́ ẹ lò. Ó ń dùn mí bí wọ́n ṣe ń pe bàbá ọlọ́mọ ní "ìwọ" torí pé ó ṣàìsàn.

Apòògùn Ìjẹ̀bú-Igbó: Òótọ́ ni, àmọ́ kí ìpadàbọ̀sípò má di àwáwí láti pa oògùn tì. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2012, tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lórí schizophrenia (àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí), rí i pé láàárín ọdún kan, àìsàn padà bá nǹkan bí 64 nínú 100 àwọn tí wọn ò fún ní oògùn mọ́. Nínú àwọn tó ń lò ó lọ, nǹkan bí 27 ni. Abẹ́rẹ́ fluphenazine, oògùn àìsàn ọpọlọ tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ẹ jẹ́ kí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé máa fún wọn. Owó ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù ló ń jẹ́ kí ọ̀pọ̀ pa á jẹ. Tó bá ti ku abẹ́rẹ́ tó máa tó oṣù méjì nílé ìwòsàn yín, ẹ ti béèrè òmíràn.

Ẹ wo iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe kẹ́ ẹ tó yan oògùn. Haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ kan, lè mú kọ́wọ́ gan tàbí kó máa gbọ̀n. Ẹni tó ń yan gàrí kò ní lè fi igbá ro ó dáadáa, ilé á ní wèrè ọ̀hún ti tún dé, bẹ́ẹ̀ oògùn ni. Kí dókítà dín in kù, tàbí kó fi benzhexol, oògùn tó ń dín gígan àti gbígbọ̀n yẹn kù, kún un. Chlorpromazine, òmíràn nínú oògùn àìsàn ọpọlọ, ní tiẹ̀ máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè jó awọ ara, kì í sì í jẹ́ kára gba ooru mọ́ra bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń sá obì tàbí tó jókòó ti agbada gàrí nílò ìbòòji, omi, àti ẹni tí wọ́n á jọ máa gbà á ṣe.

Alágbàtọ́ Ìpẹ̀rù: Ẹ fi ìwé àdéhùn kún ètò yín, kí aláìsàn kọ ọ́ nígbà tí ara rẹ̀ bá dá. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ni àmì mẹ́ta tó máa ń ṣáájú kí àìsàn tó padà (bí àìsùn òru méjì léra), ẹni tí wọ́n máa pè, oògùn tó ṣiṣẹ́ fún un, àti ohun tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣe fún òun. Òfin wèrè ti 1958 ti kógbá sílé. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun ni ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023. Ẹ̀dà ìwé àdéhùn náà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ ṣe: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹbí tí òun fúnra rẹ̀ yàn.