Oṣù méje rèé tá a ti fojú kanra gbẹ̀yìn: ṣé kó wá àbí kó má wá?

Ọkàn-Ò-Balẹ̀:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí orí mi tó dàrú. Oṣù méje gbáko lèmi àti àfẹ́sọ́nà mi ò fi fojú kanra nítorí kòrónà yìí. Fídíò láàárọ̀, fídíò lálẹ́, ó ti sú mi. Wọ́n ti ṣí ọ̀nà báyìí, ó ní òun ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀, òun á sì lo ọjọ́ mẹ́ta. Dípò kínú mi máa dùn, ìjà là ń jà. Mo ní kó ṣe àyẹ̀wò kó tó wọkọ̀, ó ní ṣé mo rò pé òun ń gbé àrùn kiri ni. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ràn òun kò ní máa wo òun bí ẹni tó gbé májèlé dání. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. Ẹni tí mo ṣì ń gbìyànjú láti dárí jì lórí ọjọ́ ìbí mi tó gbàgbé lóṣù tó kọjá! Nígbà tó yá, ó ṣe àyẹ̀wò náà tìbínútìbínú, ó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ilà kan hàn ketekete. Ìkejì wà níbẹ̀ fírífírí, bí èèyàn ò bá fẹ fọ́tò náà lójú, kò lè rí i. Ó ní òjìji ni.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: tá a bá lo kọ́ńdọ̀mù, tá a sì ṣí fèrèsé, ṣé kò ti tó? Àwa méjèèjì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bú mi.

Onílábù:
Ilà kì í ní òjìji. Ilà C ń sọ pé ohun àyẹ̀wò náà ṣiṣẹ́, ilà T ló ń sọ ti àrùn. Tí T bá ti yọ láàárín àkókò tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀, ì báà rí bí ilà pẹ́ńsù tí wọ́n pa rẹ́ kù, àrùn ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé lẹ́yìn wákàtí méjì ló padà lọ ya fọ́tò, omi tó gbẹ lè fi àpá sílẹ̀. Àpá yẹn kì í sábà ní àwọ̀, eérú ló máa ń jọ. Ìṣẹ́jú mélòó ló ti kọjá kó tó ya fọ́tò? Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń kà á. Tó bá ti kọjá 30, ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ ṣe òmíràn.

Ẹ̀gbọ́n-Àgbà:
Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òde òní! Àwọn èèyàn ń kú, ara lẹ̀yin ń wá. Kó fẹ́ ọ sílé, ọ̀rọ̀ tán.

Ìyá-Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, òrùka ìgbéyàwó kì í sẹ́ èémí. Tọkọtaya náà ń kó o ran ara wọn.

Àbúrò mi, kọ́ńdọ̀mù kò di imú, kò sì di ẹnu. Èémí àti itọ́ ni kòrónà ń bá rìn, nítorí náà ìfẹnukonu ló léwu jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe, kì í ṣe ibi tí kọ́ńdọ̀mù wà. Ẹ lò ó ṣá, nítorí oyún àti àwọn àrùn mìíràn tí kò tíì fi ayé sílẹ̀ torí pé kòrónà dé. Ẹ má fi òróró tàbí ìpara pa á o, rọ́bà rẹ̀ á já. Ẹ má sì fi sànítáísà nu ojú ara, ọtí inú rẹ̀ á bó yín.

Ohun tí ẹ ò kà mọ́ ọn ni oorun. Nígbà tí wọ́n ń tọpa àrùn yìí, ẹni tó bá wà láàárín mítà 2 sí aláàrùn fún ìṣẹ́jú 15 ni wọ́n ń kà sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Ẹ̀yin á ti kọjá ìyẹn kẹ́ ẹ tó bọ́ bàtà tán. Ìbálòpọ̀ lè má tó ìdajì wákàtí, oorun wákàtí mẹ́jọ nínú yàrá kan náà, lóru mẹ́ta, ibẹ̀ ni ìṣirò wà. Ta lẹ jọ ń gbé?

Ọkàn-Ò-Balẹ̀:
Ẹ ṣé mà. N ò mọ ìṣẹ́jú tó lò kó tó ya á, tí mo bá bi í, ìjà ni. Mo ṣáà rò pé níwọ̀n ìgbà tá a ti gba abẹ́rẹ́, ó ti parí.

Onílábù:
Kò parí. Abẹ́rẹ́ kì í sábà jẹ́ kí àìsàn náà dá èèyàn dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ló ti lágbára. Ti pé kéèyàn má kó o rárá, tàbí kó má ràn án, agbára rẹ̀ kéré síyẹn, ó sì ń dín kù bí oṣù ṣe ń gorí oṣù. Ó tún máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí ara tó gbára dì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti àyẹ̀wò, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìṣe. Ẹyọ kan kò tó. Àyẹ̀wò ilé yìí kì í tètè rí àrùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó di ìgbà tó bá ti pọ̀ nínú imú. Ẹni tí ara rẹ̀ le yẹ kó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, wákàtí 48 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Sátidé ló ń bọ̀, Túsìdeè, Tọ́sìdeè, àti àárọ̀ Sátidé kó tó jáde nílé. Kó má kó o jáde nínú fìríìjì kó lò ó bẹ́ẹ̀, kó jẹ́ kó bá yàrá dọ́gba. Kó fun imú nù. Kó ti igi òwú náà wọlé bíi sẹ̀ǹtímítà 2, kó má kàn máa fi yún irun imú, kó yí i kíri ògiri imú lẹ́ẹ̀márùn-ún, kó fi òwú yẹn kan náà ṣe ihò kejì. Tó bá ti kì í bọ inú omi rẹ̀, kó tẹ ara ike náà mọ́ òwú bó ṣe ń fà á jáde, torí inú òwú lohun tá à ń wá wà. Iye ẹ̀kán omi tí ìwé rẹ̀ bá sọ ni kó kán, kò dín, kò lé. Èyí tí omi rẹ̀ bá dín lè jáde ní ilà C nìkan bí àrùn tilẹ̀ wà níbẹ̀, inú oníyẹn á sì máa dùn lásán.

Kò-Sí-Ìtàn:
Ẹ̀ ń fojú kéré kọ́ńdọ̀mù. Mo kà á pé kòrónà wà nínú àtọ̀ ọkùnrin.

Onílábù:
Ìwádìí kékeré kan ní Ṣáínà lọ́dún 2020 nìyẹn: ọkùnrin 38 tó ní àrùn náà, wọ́n rí àmì rẹ̀ nínú àtọ̀ àwọn 6. Àmì rẹ̀ ni wọ́n rí. Wọn ò fi hàn pé ọ̀nà ibẹ̀ ló ń gbà ràn.

Kò-Sí-Ìtàn:
Àmì ló ń ṣáájú ohun tó ní àmì.

Onílábù:
Àpá ẹsẹ̀ ajá kì í buni jẹ. Ẹ má jẹ́ ká torí àtọ̀ gbàgbé ẹnu.

Àjọṣe-Mímọ́ra:
Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Àwọn ìjọba gan-an ti gbà pé ara ò ṣe é tì mọ́lé títí ayé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, àjọ ìlera gbogbogbòò ti orílẹ̀-èdè Netherlands sọ fún àwọn tó ń dá gbé pé kí wọ́n wá ẹnìkan ṣoṣo tí wọ́n á jọ fàdéhùn láti máa bá ara wọn lò pọ̀, kí àwọn méjèèjì sì jọ sọ iye èèyàn mìíràn tí wọ́n á máa rí. Ní New York, láti oṣù kẹta ọdún yẹn ni iléeṣẹ́ ìlera ìlú náà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara ẹni lẹni tó fini lọ́kàn balẹ̀ jù láti bá lò pọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tẹ́ ẹ jọ ń gbé.

Ẹ̀gbọ́n-Àgbà:
Ara ẹni bá ara ẹni lò! Ayé ti bàjẹ́.

Àjọṣe-Mímọ́ra:
Àbá ìlera ni, ẹ̀gbọ́n. Kókó ibẹ̀ ni àdéhùn yẹn. Arábìnrin, kí ọ̀gá yẹn sọ fún ọ: èèyàn mélòó ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀? Ọ́fíìsì wo ló ń lọ? Ṣé yóò wọ ìbòmú N95, èyí tó ń sẹ́ èémí dáadáa, nínú ọkọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó lẹ̀ mọ́ imú àti àgbọ̀n, àbí èyí tó ń já sábẹ́ imú ni? Ẹni tí kò lè dáhùn ìyẹn láìbínú, ìbínú rẹ̀ ti dáhùn.

Afẹ́fẹ́-Ń-Wọlé:
Fèrèsé tó béèrè ńkọ́? Ẹ ò dá a lóhùn. Fèrèsé kan ṣoṣo kò tó, afẹ́fẹ́ ní láti rí ibi wọlé àti ibi jáde. Ṣí fèrèsé méjì tó dojú kọra. Tí yàrá bá ní ẹyọ kan, gbé fáànù sẹ́nu rẹ̀, kó kọjú síta, kó máa fa afẹ́fẹ́ inú yàrá jáde. Má gbé e kó máa fẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ. Má sì ṣílẹ̀kùn sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí fáànù bá ń fẹ́ wọlé, èémí yín á máa bá àwọn ará ilé nínú yàrá tiwọn.

Ọkàn-Ò-Balẹ̀:
Ẹ ń sọ̀rọ̀ bíi pé arúgbó ni wá. Ọmọ ọdún 31 ni mí, òun jẹ́ 34. Ara wa le.

Ìyá-Nọ́ọ̀sì:
Ìgbà kejì rèé o. Àwọn ará ilé wo ni fáànù yẹn máa fẹ́ lù? Ta lẹ jọ ń gbé?

Ọkàn-Ò-Balẹ̀:
Ìyá mi ni, mà. Ẹni ọdún 63. Yàrá tiwọn wà lọ́tọ̀, ilé ìwẹ̀ la jọ ń lò. Wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún wọn lọ́dún tó kọjá, ṣùgbọ́n wọ́n ti le, wọ́n ń rìn, wọ́n sì ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́ta.

Onílábù:
Háà!

Ìyá-Nọ́ọ̀sì:
Ohun tó yẹ kó wà nínú ìlà àkọ́kọ́ rèé. Kí ara má baà kọ kíndìnrín àjèjì yẹn, oògùn tí màmá ń lò ń rọ àwọn ọmọ ogun ara lágbára. Oògùn yẹn kan náà ni kì í jẹ́ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára mú dáadáa. Mẹ́ta tiwọn lè má tó méjì tìrẹ. Ìṣirò yìí ti kúrò ní ti ìwọ àtọ̀rẹ́ rẹ. Ẹ lè pàdé, àmọ́ kì í ṣe nínú ilé yẹn. Ẹ wá ibòmíràn, kó ṣe àyẹ̀wò mẹ́ta yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti túká, má padà sọ́dọ̀ màmá tààrà: dúró níbòmíràn fún ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, ṣe àyẹ̀wò lọ́jọ́ kẹta àti ìkarùn-ún, kó o sì wọ ìbòmú lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí ọjọ́ 10 á fi pé. Àrùn yìí ti ń ràn láti bí ọjọ́ kan tàbí méjì kí ikọ́ àkọ́kọ́ tó dé. Kò dìgbà téèyàn bá ń wúkọ́.

Kò-Sí-Ìtàn:
Wọ́n ti sọ ti àyẹ̀wò yìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Sọ fún un kó má wá, kò le.

Ọkàn-Ò-Balẹ̀:
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo purọ́ díẹ̀. Ó ti dé. Alẹ́ àná ló dé. Màmá ló ṣílẹ̀kùn fún un, wọ́n jọ jókòó nínú pálọ̀ tó wákàtí kan, inú wọn dùn gan-an. Ó sun yàrá mi. Láti àárọ̀ ló ti ń ní ọ̀fun ń yún òun, ó ní eruku ọkọ̀ ni. Mo fẹ́ kẹ́nì kan sọ fún mi pé kò sí nǹkan kan ni.

Ẹ̀gbọ́n-Àgbà:
Bó o ṣe ń tẹ gbogbo èyí, ìyá rẹ dà?

Ìyá-Nọ́ọ̀sì:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ó ráyè ṣe nǹkan. Àbúrò mi, bó ṣe máa tẹ̀ léra nìyí. Gbé ìbòmú wọ̀ báyìí, ìwọ náà, torí o ti sùn tì í. Kí àfẹ́sọ́nà rẹ máa gbé inú yàrá yẹn, fèrèsé ní ṣíṣí, fáànù kọjú síta, ilẹ̀kùn ní títì. Ṣí gbogbo fèrèsé pálọ̀. Kí màmá wọ N95 tẹ́ ẹ bá ní in. Ilé ìwẹ̀, màmá ni kó kọ́kọ́ lò ó, òun ni kó lò ó kẹ́yìn, kó wọ ìbòmú wọ ibẹ̀, kó sì fi fèrèsé ibẹ̀ sílẹ̀ ní ṣíṣí. Kó ṣe àyẹ̀wò tuntun nísinsìnyí.

Pe àwọn dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín màmá lónìí, má dúró de ikọ́. Oògùn tí wọ́n ń lò lè má jẹ́ kí ibà yọ síta, nítorí náà ara tí kò gbóná kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Kí wọ́n má dá oògùn kíndìnrín dúró fúnra wọn o. Tẹ́ ẹ bá ní ohun tí wọ́n ń fi há orí ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀, kí ọwọ́ wọn gbóná, kí èékánná má ní ọ̀dà. Tó bá ti lọ sílẹ̀ ju ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún, ilé ìwòsàn ni.

Onílábù:
Ẹ jẹ́ n fi kan kún un. Oògùn kòrónà kan wà tí wọ́n ń pè ní Paxlovid, láàárín ọjọ́ 5 tí àìsàn bá bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń lò ó. Ẹ má lọ rà á fún màmá. Ritonavir tó wà nínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fọ́ tacrolimus, oògùn tí ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún ń lò, túútúú bó ṣe yẹ, tacrolimus á wá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ títí yóò fi di májèlé fún kíndìnrín tuntun yẹn. Dókítà tiwọn ló lè pinnu. Remdesivir, oògùn kòrónà mìíràn tí wọ́n ń fà sínú iṣan, wà fún irú wọn, ọjọ́ mẹ́ta ni, láàárín ọjọ́ 7 àkọ́kọ́. Kí orúkọ gbogbo oògùn màmá wà lọ́wọ́ rẹ kó o tó pè.

Ọkàn-Ò-Balẹ̀:
Ó ti ṣe é. Kò tíì tó ìṣẹ́jú mẹ́fà tí ilà kejì fi yọ, pupa ni, kì í ṣe fírífírí. Kò jiyàn mọ́, ó kàn jókòó sílẹ̀. Mo ti sọ fún màmá, wọ́n ti wọ yàrá wọn. Páálí oògùn wọn ni mò ń wò báyìí: tacrolimus wà níbẹ̀ lóòótọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́.

Ìyá-Nọ́ọ̀sì:
Ó dáa. Tí wọ́n bá gbé fóònù, bẹ̀rẹ̀ láti orí kíndìnrín. Lẹ́yìn náà ni kó o sọ wákàtí tí màmá fi jókòó tì í, àti ìgbà tí ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Fi ti ọjọ́ ìbí sílẹ̀.